Ìdámẹ́wàá: Owó Ọlọ́run pé, owó ọbẹ̀ ò pé!

Ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fọwọ́ bo ẹnu sọ ni. Inú yàrá ni wọ́n ti ń sọ ọ́, lẹ́yìn táwọn ọmọ bá ti sùn. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tọkọtaya tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn lóru á wọ aṣọ kan náà, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé. Kí ló ń fa ìjà? Kì í ṣe obìnrin ìta, kì í ṣe ọtí. Ìdámẹ́wàá ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. A ò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí ilé tí irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ ju ọ̀kan lọ, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, láti Ayégbajú dé Ìdó. Ẹ jẹ́ ká ṣáà máa pe ọkọ ní Bàbá Ìbejì, ká máa pe ìyàwó ní Ìyá Ìbejì. Òṣìṣẹ́ kékeré ni Bàbá Ìbejì, 70,000 náírà lowó oṣù rẹ̀, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024. Ìyá Ìbejì ń ta ata àti ẹ̀fọ́. Alẹ́ ọjọ́ tí owó oṣù wọlé ni Bàbá Ìbejì yọ 7,000 sọ́tọ̀, ó kì í bọ inú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó sì tì í sábẹ́ Bíbélì.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ńkọ́? Onílé náà sì ti wá lẹ́ẹ̀mejì."

"Ti Ọlọ́run ló kọ́kọ́ ń jáde nínú ilé yìí. Àbí o fẹ́ kí kòkòrò jẹ èyí tó kù ni?"

"Kí kòkòrò tó jẹ owó, ebi á ti jẹ wá."

Bọ́rọ̀ ṣe di ariwo nìyẹn. Ẹ má wá rò pé kèfèrí ni Ìyá Ìbejì o. Òun ló ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Sátidé, kò sì sí ìkórè kan tí kì í gbé iṣu wá. Ohun tó ń dùn ún kì í ṣe 7,000 yẹn nìkan. Ohun tó ń bí i nínú ni pé ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń kó ẹ́ńfílọ́ọ̀pù sínú àpótí, kò sẹ́ni tó dìde níwájú ìjọ rí láti sọ pé báyìí lowó tó wọlé, báyìí lèyí tó jáde. Ẹni tó bá bèèrè, wọ́n á ní ẹ̀mí Júdásì ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tá a bá ní ká sọ̀rọ̀ síbi tọ́rọ̀ wà, Júdásì gan-an ni akápò. Kì í ṣe òun ló bèèrè ìṣirò owó.

Ariwo ìdámẹ́wàá kì í ṣe tuntun nílẹ̀ yìí. Ọdún 2017 ló gba gbogbo ìgboro, nígbà tí Daddy Freeze, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Ifẹ́dayọ̀ Ọlárìndé, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kò sí ibi tí Májẹ̀mú Tuntun ti pa á láṣẹ pé kí onígbàgbọ́ máa san ìdámẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ fún pásítọ̀. Àwọn kan ṣépè fún un, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà ni pé ẹni tí kò bá san án, kó yáa má retí ọ̀run. Ṣùgbọ́n ayé yí. Kò ju ọdún méje sí mẹ́jọ lọ lẹ́yìn ariwo yẹn, Bàbá Enoch Adéboyè, olórí ìjọ Ridíìmù, sọ fáwọn èèyàn rẹ̀ pé òun tọrọ àforíjì fún bóun ṣe sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá san ìdámẹ́wàá lè má dé ọ̀run, pé àṣìṣe ni, kò sí bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì. Bàbá ò sọ pé kí wọ́n má san án mọ́ o. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, àgbà tó bá lè sọ pé òun ṣìnà lójú èrò, ó sàn ju àgbà tó ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ lọ.

Ṣé ìjà wá parí ní Ọ̀yẹ́? Rárá o. Ìjà Ìyá Ìbejì kì í ṣe ti ọ̀run. Ti ayé ni.

Ká tó máa bú ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká rántí bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe dé ilẹ̀ Èkìtì. Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé e wá. Àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun kó lẹ́rú, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì di onígbàgbọ́ níbi tí wọ́n wà, àwọn ni wọ́n gbé e padà wálé láàárín ọdún 1890 sí 1900. Irú wọn ni Isaac Babamuboni tó padà sí Adó-Èkìtì. Kò sówó láti òkè òkun tí wọ́n fi ń bọ́ gbogbo kátíkíìsì abúlé. Owó ara wọn ni wọ́n ń dá. Ìlànà tí Henry Venn, akọ̀wé ìjọ CMS ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1841 di 1872, fi lélẹ̀ ni pé ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ bọ́ ara rẹ̀, kó ṣàkóso ara rẹ̀, kó sì tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Ibi tí owó kíláàsì ti lágbára nìyẹn. Wọ́n á pín ìjọ sí kíláàsì kéékèèké, kíláàsì kọ̀ọ̀kan á lólórí, oníkálùkù á máa dá owó díẹ̀díẹ̀, olórí á sì máa sàmì sí káàdì.

Ìyẹn náà ò ṣàì ní wàhálà tirẹ̀. Nígbà tí CMS fi Reverend James Johnson, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Holy Johnson, ṣolórí iṣẹ́ wọn ní Abẹ́òkúta ní nǹkan bíi 1877, ọ̀kan nínú ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àtìjọ ni pé ó fẹ́ kí wọ́n fi kún owó tí wọ́n ń dá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìjọ tó ní ẹrú náà wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ le ju ti owó lọ. Wọ́n fẹ̀sùn kan bàbá títí, nígbà tó fi máa di 1880, wọ́n ti gbé e kúrò. Ẹ ò rí i pé ìjà owó ṣọ́ọ̀ṣì ti dàgbà ju bàbá bàbá wa lọ!

Èmi tí mò ń kọ èyí, mo mọ káàdì kíláàsì ìyá mi dáadáa. Inú àpótí aṣọ ló ń gbé, láàárín àwọn ìró tí wọ́n ń fi káńfọ̀ sí. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n á fi sin àwọn ni, torí nígbà yẹn, ẹni tó bá jẹ gbèsè kíláàsì, wọ́n lè kọ̀ láti lu aago fún òkú rẹ̀. Èyí kò dáa, mi ò sì ní í gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdà kejì. Lọ́jọ́ ìkórè, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, adìyẹ, ọsàn, gbogbo rẹ̀ á kún iwájú pẹpẹ. Bí ìsìn bá parí, wọ́n á tà á ní gbàǹjo. Iṣu mẹ́ta péré, bàbá kan tó ti Èkó wálé á rà á lówó tó lè ra ewúrẹ́, gbogbo èèyàn á máa hó. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, akápò á dìde, á fi gíláàsì sójú, á sì ka gbogbo rẹ̀ jáde: èyí ti gbàǹjo, èyí ti àwo ọrẹ, èyí tí àwọn ọmọ Èkó fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ra páànù, èyí tí wọ́n fún kátíkíìsì, títí dórí kọ́bọ̀. Ó máa ń pẹ́ jọjọ. Oorun á máa kùn wá lórí bẹ́ǹṣì. Mi ò mọ̀ pé nǹkan tí n ó máa wá kiri nígbà tí mo bá dàgbà ni mò ń sùn lé lórí yẹn.

Àwọn èèyàn ayé ìgbà yẹn ò lówó tó wa, ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun tówó wọn ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ilé-ìwé tí Èkìtì fi ń yangàn lónìí. Christ's School tó wà ní Adó, tí Archdeacon Henry Dallimore dá sílẹ̀ lọ́dún 1933, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àgbẹ̀ tó bá dá ṣílè kan sílẹ̀, ó lè nawọ́ sí ògiri, kó ní ọmọ òun wà nínú yàrá yẹn, ó ń kàwé.

Wàyí o, kí ni Bíbélì alára sọ? Èmi kì í ṣe pásítọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀wé kà. Ábúráhámù fún Mẹlikisédékì ní ìdámẹ́wàá ìkógun tó kó bọ̀ látojú ogun. Jákọ́bù jẹ́jẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ní Bẹ́tẹ́lì nígbà tó ń sá lọ. Nígbà tó kan Mósè, òfin ni pé kí wọ́n máa fún àwọn ọmọ Léfì, torí wọn ò fún wọn nílẹ̀ tí wọ́n á fi dáko, àwọn ọmọ Léfì náà sì gbọ́dọ̀ yọ ìdámẹ́wàá nínú ohun tí wọ́n bá gbà. Gbogbo èyí la ti gbọ́.

Èyí tí wọn kì í wàásù rẹ̀ ló wà nínú Deutarónómì orí 14. Ẹ lọ kà á fúnra yín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí ẹni tó dáko kó ìdámẹ́wàá ọkà àti òróró rẹ̀ lọ síbi tí Ọlọ́run yàn, kí òun àti ilé rẹ̀ jókòó, kí wọ́n jẹ ẹ́! Bí ọ̀nà bá jìn, kó tà á, kó kówó dání, bó bá débẹ̀ kó fi ra ohun tó bá wù ú, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu, kí inú wọn dùn. Tó bá wá di ọdún kẹta, kí wọ́n kó ìdámẹ́wàá ọdún náà jọ sínú ìlú wọn, kí ọmọ Léfì, àlejò, ọmọ òrukàn àti opó wá jẹun níbẹ̀, kí wọ́n yó. Opó tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò yín, tí ẹ ń fún ní gàárì ìdajì kóńgò nígbà Kérésìmesì, ó ní ìpín nínú ìdámẹ́wàá. Kì í ṣe pé ẹ ń ṣàánú ẹ̀. Ìpín tirẹ̀ ni.

Málákì orí 3 tí wọ́n ń kà ní gbogbo Sọ́ńdè ńkọ́? Òótọ́ ni, ìdámẹ́wàá wà níbẹ̀, ilé ìṣúra wà níbẹ̀, fèrèsé ọ̀run wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wòlíì tó débẹ̀, ní ẹsẹ 5, ó kọ́kọ́ kéde ìdájọ́ sórí àwọn tó ń fi owó iṣẹ́ du alágbàṣe, tí wọ́n ń ni opó àti aláìníbaba lára. Mélòó ni ẹ ti gbọ́ tí wọ́n wàásù ẹsẹ 5? Jésù náà bá àwọn Farisí wí nínú Mátíù 23 pé wọ́n ń san ìdámẹ́wàá orí ewé ọbẹ̀, wọ́n wá fi ìdájọ́ òdodo àti àánú sílẹ̀. Kò ní kí wọ́n má san ti ewé o, ó ní kí wọ́n má fi èyí tó tóbi sílẹ̀. Pọ́ọ̀lù ní kí oníkálùkù fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe pinnu lọ́kàn rẹ̀, kó má jẹ́ tipátipá. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹni tó ń san án rí ibi dúró, ẹni tí kò san án náà rí ibi dúró. Ẹni tí kò ríbi dúró rárá ni ẹni tó ń gbà á tí kò fẹ́ sọ ohun tó fi ṣe.

Àwọn Mùsùlùmí àárín wa ní sàká, ìdá kan nínú ogójì, lórí owó tó bá pé ìwọ̀n tó sì lo ọdún kan gbáko lọ́wọ́ èèyàn. Kùránì to oríṣi èèyàn mẹ́jọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i sílẹ̀, ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn sì wà lára wọn. Ẹ gbọ́ o, onígbèsè ń gbà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, onígbèsè ló ń san.

Ọ̀rọ̀ gbèsè yìí kì í ṣe kékeré ní Èkìtì. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà léèrè ohun tójú wọn rí kí ìjọba tó yí lọ́dún 2018, nígbà tí owó oṣù tí wọn ò rí gbà ń ga bí òkè. Àwọn tíṣà ń jẹ ìrẹsì àwìn, àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ń tọrọ owó oògùn lọ́wọ́ ọmọ. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè kan ń jáde tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, tó sì tún ń pa èèyàn lẹ́kún: bí ìjọba bá san oṣù kan nínú èyí tó jẹ, tó sì jẹ́ pé oníṣọ́ọ̀bù ló ni gbogbo rẹ̀, ṣé kéèyàn kọ́kọ́ yọ ìdámẹ́wàá, àbí kó kọ́kọ́ san gbèsè? Lójú tèmi, owó oníṣọ́ọ̀bù kì í ṣe tìrẹ mọ́. O ò lè fi owó onígbèsè rẹ ṣọlá fún Ọlọ́run.

Ti oníṣòwò tún wá burú jù, torí ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé orí owó lòun ń san. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò fún Ìyá Ìbejì. Ká ní ó ra ata ní 45,000, ó sì tà á ní 50,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ 5,000, ìdámẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 500. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún un pé gbogbo owó tó bá wọ ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yọ ìdámẹ́wàá lé lórí, 5,000 ló máa san, gbogbo èrè ti lọ nìyẹn, kò tíì san owó mọ́tò. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jà mẹ́ta, mẹ́rin, ọjà á tán, wọ́n á sì ní àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe é! Àwọn àgbẹ̀ kòkó náà bá irú rẹ̀ pàdé lọ́dún 2024, nígbà tí kòkó gbówó lórí kárí ayé títí tó fi kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Owó ńlá wọlé, inú ìjọ dùn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ló mọ iye tóun ná lórí lébìrà, oògùn kòkó àti ọkọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, iye kòkó já wálẹ̀. Àgbẹ̀ tó ti fi gbogbo owó 2024 ṣe ìlérí ìkórè wá ń wojú ọ̀run.

Ọ̀yẹ́ alára kì í ṣe Ọ̀yẹ́ àtijọ́ mọ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì FUOYE sílẹ̀ lọ́dún 2011, tí wọ́n sì gbé apá kan rẹ̀ sí Ìkọ̀lé, làwọn ọmọ ilé-ìwé ti kún ìlú, tí ilé ń rú jáde bí olú, tí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun sì ń rú jáde pẹ̀lú wọn. Ó dáa, ṣọ́ọ̀ṣì ń kó ọmọ kúrò nínú ìjàngbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ kan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bàbá ní Òṣogbo gba owó oṣù, ó san ìdámẹ́wàá. Ó fi nínú èyí tó kù ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ fún oúnjẹ. Ọmọ náà dé ìpàdé àdúrà, wọ́n ní kó san ìdámẹ́wàá owó oúnjẹ. Owó kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì! Ìjọba pàápàá ò tíì gba owó-orí báyẹn.

Nígbà tí owó náírà há lọ́dún 2023, láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta, tí àwọn èèyàn ń sùn sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń pọwó, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gbé nọ́ńbà àkáǹtì síwájú ìjọ, kí ẹni tó lówó ní báńkì lè fi ránṣẹ́. Ọgbọ́n ni, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn jà. Ohun tí mo kàn fẹ́ kí ẹ wò ni orúkọ tó ń jáde lórí fóònù kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ṣé orúkọ ìjọ ni, àbí orúkọ ẹnì kan? Èèyàn mélòó ló ń fọwọ́ síwèé kówó tó jáde? Bó bá jẹ́ ẹnì kan, tàbí òun àti ìyàwó rẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé yín pé àpò ẹnì kan lẹ̀ ń fowó sí.

Ìjọba ti gbìyànjú láti dá sí i, kò bọ́ sí i. Lóṣù kìíní ọdún 2017, òfin àjọ tó ń mójú tó ìṣirò owó, ìyẹn Financial Reporting Council, tó fi gbèdéke sí iye ọdún tí olórí ìjọ lè lò lórí oyè, ló mú kí Bàbá Adéboyè yan ẹlòmíì ṣe alábòójútó Ridíìmù ní Nàìjíríà. Kò pé ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, Ààrẹ Bùhárí yọ Jim Obazee tó jẹ́ ọ̀gá àjọ náà níṣẹ́. Ó tún di oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n fọwọ́ sí òfin CAMA, èyí tó fún CAC lágbára láti dá àwọn alákòóso ìjọ dúró bí owó bá rìn gbẹ̀rẹ́. Ní Èkìtì, ẹni tó bá gbọ́ CAC, ohun tó máa kọ́kọ́ rò ni ìjọ Bàbá Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì tí ìsọjí rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà lọ́dún 1930, tí wọ́n sì sin sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè nígbà tó kú lọ́dún 1959. CAC ti Àbújá yàtọ̀, Corporate Affairs Commission ni tiwọn. Àwọn pásítọ̀ ńlá faraya, wọ́n ní ìjọba ò lè wá máa yan ẹni tó máa ṣolórí ilé Ọlọ́run. Mo gbà pẹ̀lú wọn díẹ̀. Ìjọba tí òun fúnra rẹ̀ kì í ṣírò owó ìjọba ìbílẹ̀ fún wa, ẹnu wo ló máa fi bi ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá fẹ́ kí ìjọba bèèrè, ẹ jẹ́ kí ọmọ ìjọ bèèrè.

Àwọn ọmọ Ọ̀yẹ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń fi owó ìkórè ránṣẹ́ wálé, mọ̀ pé nǹkan kì í rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tó bá fìdí múlẹ̀ bí àjọ aláàánú, bí ọmọ ìjọ tó ń san owó-orí bá fi pọ́n-ùn kan sílẹ̀ tó sì buwọ́ lùwé, ìjọba á fi 25 pẹ́ńsì kún un fún ìjọ. Ṣùgbọ́n àjọ tí wọ́n ń pè ní Charity Commission ń wo ìwé wọn, ẹnikẹ́ni ló sì lè rí ìṣirò owó ìjọ ńlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 2005 ni àjọ náà gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ìjọ KICC ti Pásítọ̀ Matthew Ashimolowo ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní wọn ò ṣàkóso owó bó ṣe yẹ, wọ́n sì ní kí pásítọ̀ dá 200,000 pọ́n-ùn padà. Ìjọ ò tú ká o, wọ́n ṣì ń jọ́sìn.

Ẹ má jẹ́ ká wá sọ gbogbo pásítọ̀ di olè. Mo mọ àwọn kan ní àwọn ìlú kéékèèké apá Ìtàpá àti Ayédé yẹn tó jẹ́ pé oko ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ ńlá, owó tó bá wọlé ní ẹ̀ka, apá kan gbọ́dọ̀ gba oríkò lọ, bó pọ̀ bó kéré. Bí owó tí oríkò ń retí kò bá pé, pásítọ̀ abúlé ni wọ́n máa bá wí. Ọmọ ìjọ ń fojú olówó wò ó, òun sì ń dọ́gbọ́n wá owó epo ọ̀kadà. Irú pásítọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n ka ìwé owó síta, kí ìjọ lè mọ̀ pé kò sí nǹkan lọ́wọ́ òun. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé Èkìtì yìí náà ni, ilẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ọ̀mọ̀wé mẹ́ta àti akáǹtáǹtì méjì lórí bẹ́ǹṣì, kò sẹ́nì kan tó yẹ ìwé owó wò láti ọdún tó kọjá!

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí, kí n má purọ́. Lọ́jọ́ ìkórè kan, wọ́n lu ìlù, wọ́n kì mí, orí mi wú. Mo na ọwọ́ sókè, mo ṣèlérí owó tí mi ò ní, mi ò sì sọ fún ìyàwó mi tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Oṣù mẹ́fà ni mo fi san án. Nínú oṣù mẹ́fà yẹn, ọmọ mi kan ṣe ibà, owó oògùn ni mo lọ yá lọ́wọ́ ẹni tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Ìyàwó mi ò bú mi. Ó kàn ní, "Bàbá, nígbà míì, ẹ jẹ́ ká jọ na ọwọ́ sókè." Títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Jésù bá àwọn tó ń sọ fún ìyá àti bàbá wọn pé owó tó yẹ káwọn fi tọ́jú yín, a ti fi jìn fún Ọlọ́run wí kíkan-kíkan, ó wà nínú Máàkù orí 7. Pọ́ọ̀lù náà sọ fún Tímótì pé ẹni tí kò pèsè fún ará ilé rẹ̀ burú ju aláìgbàgbọ́ lọ. Àwọn tó kọ ìwé yẹn kì í ṣe ọ̀tá ìdámẹ́wàá.

Ní ti Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì, ìjà wọn ò tíì parí, ṣùgbọ́n ó ti rọlẹ̀. Bàbá Ìbejì ní òun ò lè dáwọ́ ìdámẹ́wàá dúró, bàbá òun san án, òun náà á san án. Ìyá Ìbejì ní òun ò sọ pé kó má san án. Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n jọ máa ka owó oṣù lórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, kí wọ́n kọ́kọ́ san owó ilé-ìwé tó wà nílẹ̀, kí 1,000 sì máa yà nínú 7,000 lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó tó wà lẹ́yìn ilé wọn, tí kò lọ́mọ láyé. Bàbá Ìbejì kọ́kọ́ kọ èyí. Nígbà tí wọ́n ka Deutarónómì tán, ó dákẹ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, nípàdé àwọn ọkùnrin, ó dìde, ó bèèrè lọ́wọ́ akápò ìgbà tí wọ́n máa ka ìwé owó sétí ìjọ. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Akápò wúkọ́, ó ní kó ní sùúrù títí dìgbà ìpàdé ọdún. Bàbá Ìbejì délé, ó ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyá Ìbejì ò wí nǹkan kan, ó lọ sídìí àpò ilé-ìwé àwọn ìbejì, ó já ewé ìwé méjì, ó mú bírò kan, ó kó o sínú báàgì tó máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.